Wolé-wolé Dé Ìdí Kọfí

Màmá Abọ́sẹ̀dé gún kọfí lódó, ó sè é nínú ìkòkò amọ̀. Aṣọ òwú ló fi ń sẹ́ ẹ nígbà tí wolé-wolé wọlé, tó ti ẹ̀rọ tó ń wá ike bọ inú ife rẹ̀. Ẹ̀rọ náà han gooro.

"Ìyá, ike wà nílé yín. Òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ní ike nílé ti mú yín."

Inú bí màmá. "Ike tí mo ti kó dànù láti ọdún mẹ́wàá? Ó yá, tì í bọ omi ẹ̀rọ tí ìjọba ń fà fún wa, tí mo fi sè é!"

Wolé-wolé tì í bọ inú omi náà, ó tún han ju ti àkọ́kọ́ lọ. Síbẹ̀, orúkọ màmá ni wolé-wolé ń kọ sínú ìwé arúfin.

Màmá gbé àga dí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó lé e. "O ò ní jáde, àfi tí o bá kọ orúkọ ìjọba ṣáájú tèmi."

Wolé-wolé kọ "Ìjọba" sí òkè orúkọ màmá.