Àwọn Ìwé Òkè Tó Kù Lórí Pẹpẹ

Ní gbogbo Ọjọ́rú, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ni Ìyá Oníwèé máa ń kan ilẹ̀kùn Bàbá Awọnlẹ̀. Láti aago mẹ́jọ ni Bàbá á ti múra, á ti wọ bàtà, bí ẹni tó ń lọ tọrọ ìyàwó.

Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ wà ní ìdálẹ̀. Ìwé ló kù nínú ilé: àwọn ìwé atọ́nà àtijọ́ fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rin orí òkè, àti ìtàn àwọn tó gun òkè tí yìnyín bò. Inú ọ̀kan nínú wọn ló ti rí òǹtẹ̀ kan tó ti ń pa rẹ́, "A ń ra ìwé àtijọ́," pẹ̀lú nọ́ńbà. Ó pè é. Ìyá Oníwèé ló gbé e, ó sì dé lọ́jọ́ kejì. Kò tíì jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún tí Bàbá fi mọ̀ pé òun ò ní ta ẹyọ kan. Ẹni tí yóò bá òun sọ̀rọ̀ lòun ń wá. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún oníṣòwò?

Ìyá Oníwèé kì í kánjú. Á wò ó bóyá máàpù ẹ̀yìn ìwé ṣì wà, bóyá ọ̀rinrin ti bà á jẹ́, á kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Mẹ́jọ péré ló ń yẹ̀ wò lọ́sẹ̀.

"Èyí ṣì ní èèpo ìta rẹ̀," ló wí. "Tí èèpo bá ti ya, ìdajì owó ti lọ nìyẹn."

"Ẹ má wulẹ̀ díye lé èmi o. Tèmi ti ya tipẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó ku ìwé mẹ́ta tí Ìyá Oníwèé kò tíì yẹ̀ wò, àyà Bàbá já. Ó lọ ra páálí ìwé kan ní ìsọ̀ ẹlòmíràn, ó tò wọ́n mọ́ àwọn tó kù. Iye tí wọ́n tà á fún un ṣì wà nínú ọ̀kan. Ó gbàgbé láti pa á rẹ́. Ní Ọjọ́rú, Ìyá Oníwèé ṣí ojú ìwé náà, ó wo iye tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó sì ṣí èyí tó kàn.

"Mi ò rántí àwọn wọ̀nyí, Bàbá."

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà."

"Ẹn-ẹn. Á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i nìyẹn."

Ojú ti Bàbá. "Ìyá Oníwèé, tí mo bá ní mi ò tà mọ́ ńkọ́?"

Bírò dúró lọ́wọ́ obìnrin náà. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iye tí gbogbo wọn jẹ́ ná," ló wí. "Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Nígbà tó ń lọ, Bàbá sìn ín dé ẹnu géètì. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rí ọkàn sì ń dà á láàmú, nítorí ó gbà pé òun ń tan obìnrin onísùúrù náà jẹ, òun sì ń fi àkókò ọjà rẹ̀ ṣòfò.

Ìyá Oníwèé padà sí yàrá kan ṣoṣo tó ń gbé, ó fi fóònù rẹ̀ sáájì kó má bàa kú, nítorí láti ọdún mẹ́rin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti kógbá sílé, tí kò ra ìwé kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, Bàbá Awọnlẹ̀ nìkan ló ti pe nọ́ńbà inú òǹtẹ̀ náà.