Ọ̀rọ̀ Jámánì Inú Ilé Pelagia

Klara ń fi ọ̀bẹ ha ọ̀rọ̀ kúrò lára agolo iyọ̀.

Ọdún 1947 ni, ní Sílésíà. Ilẹ̀ Jámánì ni tẹ́lẹ̀. Ogun ti sọ ọ́ di ti Póláǹdì. Wolé-wolé ń bọ̀ lọ́sàn-án. Bó bá rí ọ̀rọ̀ Jámánì kan ṣoṣo, wọn yóò gba ilé lọ́wọ́ Pelagia, tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá láti ìlà-oòrùn.

"Màmá Klara, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe kíá! Èmi ò lè ka èdè Jámánì."

"Gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Òdòdó lo fẹ́ ha yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀."

Klara kọjú sí aṣọ ara ògiri. Ó ń fi abẹ́rẹ́ tú lẹ́tà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ká òwú náà jọ kó má baà ṣòfò.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Kí Ọlọ́run bù kún ilé yìí."

"Háà! Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ o."

"Bí Ọlọ́run ò bá bínú, wolé-wolé máa bínú."

Wolé-wolé dé. Ó yẹ ìdí ife wò, ó yẹ ẹ̀yìn ààrò wò.

"Ó mọ́ o. Ta ló bá ọ ṣe é?"

Pelagia wo Klara.

Ọkùnrin náà kọjú sí Klara, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ohun Jámánì kan ṣoṣo ló kù nínú ilé yìí, Ìyá. Ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ẹ̀yin ará Jámánì kúrò níbí máa gbéra láago méjì."

Klara ti di ẹrù láti àárọ̀. Ó gbé e, ó jáde, ó sì gbé ilẹ̀kùn sókè díẹ̀ kó tó pa á dé, bó ṣe ń ṣe láti ogójì ọdún tó ti ń gbé inú ilé náà.