Tábìlì Tí Ìyá Kọ̀ Kí Wọ́n Tún Ṣe

Kafíńtà ki ọ̀bẹ bọ abẹ́ pákó fẹ́lẹ́ tó bo ojú tábìlì náà, tó ti ṣí létí, òórùn kíkan sì gbá a nímú. Ó yíjú, ó pòṣé.

"Tábìlì yìí ń rùn bí òkú eku, màdámù. Ẹ jẹ́ ká fi dáná."

"Màámi ò ní gbà," ni obìnrin tó pè é wí. "Ìdí rẹ̀ ni wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀. Wọn kì í sì í fẹ́ dìde níbẹ̀. Ẹ ṣáà bá mi lẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi fáníìṣì kùn ún."

Ìyá arúgbó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di ẹnu pinpin, ó ń mi orí.

"Ẹ ò rí i? Ìyá tó máa ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò! Látìgbà tí ẹ ti gbé tábìlì kúrò níwájú wọn ni wọ́n ti ń bínú."

Kafíńtà tún ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, pákó náà sì ṣí. Nǹkan rírọ̀, funfun àti pupa, ló kún abẹ́ rẹ̀, ó ti yọ́ mọ́ gọ́ọ̀mù àtijọ́, èèrà sì bò ó. Kafíńtà gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó tutọ́ gba ojú fèrèsé síta.

"Ẹ gbà mí! Èébì ta nìyí?"

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì náà. Ó fi èékánná yọ ẹyọ kan tí kò tíì yọ́, ó sì dá a mọ̀.

"Abájọ tí dókítà fi ní ẹ̀jẹ̀ yín ò wálẹ̀! Màámi, ẹ dá mi lóhùn!"

Ìyá wo tábìlì, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wá la àtẹ́lẹwọ́, ó sì tu oògùn àárọ̀ yẹn sí i.