Àtẹ̀jíṣẹ́ Báńkì

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni báńkì yìí ń gba owó àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi!" ni tísà tó ti fẹ̀yìn tì wí ní kóòtù Òmù-Àrán.

Adájọ́ yẹ ìwé báńkì tí tísà mú wá wò. "Máníjà, ẹ dá owó Bàbá padà."

Máníjà tẹ fóònù, ó san án lójú ẹsẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. A ò ní fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín mọ́."

"Ta ló rán yín níṣẹ́ yẹn? Ẹ máa fi ránṣẹ́, ẹ sáà gba owó ẹ̀ẹ̀kan!"

Àtẹ̀jíṣẹ́ owó náà wọlé. Dípò kí fóònù tó wà lọ́wọ́ tísà dún, ohùn obìnrin ló ké jáde: "Bàbá Àràmídé, oúnjẹ ti délẹ̀ o!"

Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ìyàwó yín ń pè yín," ni adájọ́ wí. "Ẹ tètè lọ jẹun."

"Ọdún kejì rèé tí a ti sin ín, Olúwa mi. Ohùn rẹ̀ tí mo gbà sílẹ̀ ni ẹ gbọ́ yẹn," ni tísà dáhùn, ó sì rọra dá fóònù padà sápò.