Àga Kan Ṣoṣo Tó Ṣófo

Oyèkúnlé ń wá ìpàdé àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, ṣùgbọ́n méjì tí aago ọwọ́ rẹ̀ tó ń júwe ọ̀nà kọ́kọ́ mú un lọ ti kógbá sílé. Ní ìkẹta, ó bá èèyàn mẹ́wàá níjòkòó, àga kan ṣoṣo ló ṣófo, ó sì jókòó síbẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àdùnọlá sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá òun, inú gọ́tà lòun sùn sí, ògógóró ń rùn lẹ́nu òun. Ọ̀rọ̀ náà gún Oyèkúnlé lọ́kàn. Òun náà fi omijé sọ bó ṣe gbàgbé ọmọ rẹ̀ sílé ìwé títí ilẹ̀ fi ṣú.

Wọ́n gbé tíì kalẹ̀. Òun nìkan ló mu. Ife mẹ́wàá yòókù kún dẹ́múdẹ́mú títí wọ́n fi tutù.

"Mà," ó rọra bi Àdùnọlá, "ṣé ẹ ti mu ọtí rí?"

"Rárá, sà. Ẹ̀rọ tó dà bí èèyàn ni àwa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ọkùnrin tó jókòó sórí àga yín kẹ́yìn ló ni ìtàn tí mo sọ."

"Ibo ló wà báyìí?"

"Ọtí ti pa á, sà."

Oyèkúnlé dìde lórí àga náà. "Ìtàn tèmi ńkọ́?"

"Bí ẹlòmíràn bá jókòó síbẹ̀, sà, n ó sọ ọ́ fún un."