Ó Ń Pariwo Láti Àárọ̀

Mẹkáníìkì náà ń fọ gíríìsì lọ́wọ́ nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin wọlé. Bí gbogbo wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù náà ló tẹ̀ ẹ́: "Egbon, oko mi ko le duro mo. O n pariwo lati aaro. Se ki n gbe e jade, abi ki n duro de yin?"

Àyà rẹ̀ já. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni àbúrò yìí wá sí ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo bíréèkì yìí dáadáa o. Ara bàbá àwọn ọmọ ò le, èmi ni mò ń wakọ̀ báyìí." Ó tú táyà. Pádì ti jẹ, ó kù díẹ̀ kó tán. Ó yẹ kó pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ ebi ń pa á, ló bá dá a padà bó ṣe wà.

"Tuntun ni mo fi sí i," ló wí. Irọ́ funfun báláú! Ó tún wá ń ṣe olùkọ́: "Tí bíréèkì bá ti ń pariwo, pádì ti ń tán nìyẹn. Tí ọkọ̀ ò bá wá dúró mọ́, má wà á rárá."

Kò lè pè é, ojú ń tì í. Ó tẹ èsì: "Ma gbe e jade rara. Mo n bo."

Ó kọ́kọ́ lọ ra pádì tuntun. Fóònù dún lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà, àbúrò rẹ̀ ni. Kò gbé e. Ẹnu wo ni yóò fi sọ ọ́?

Mọ́tò náà wà níta, lẹ́nu géètì. Kò tiẹ̀ wọlé, ó fi jáàkì gbé e, ó tú táyà. Ó wò ó, ó tún un wò. Pádì ti tín-ín-rín lóòótọ́, àmọ́ kò tíì kan irin, díìsìkì náà ò sì ha níbì kankan. Ó mí kanlẹ̀. Obìnrin yìí mà lójo o! Síbẹ̀, ó fara balẹ̀ pààrọ̀ méjèèjì, ó nu ọwọ́, ó lọ kanlẹ̀kùn kó lè jẹ́wọ́.

Àbúrò rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, kò kí i, ó ní, "Ẹ ní kí n má gbé e jáde, Ẹ̀gbọ́n, mi ò sì gbé e lọ sílé ìwòsàn, bàbá àwọn ọmọ mi ti dákẹ́."