Ìka Tí Bàbá Tìrìmísíyù Máa Ń Gbé Sókè

Ẹ ka ìtàn yìí dé ìlà tó kẹ́yìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ní kí fóònù yín gé e kúrú fún yín o, torí nǹkan tí wọ́n gé kúrú gan-an ló dá wàhálà yìí sílẹ̀.

1.
Adéṣínà máa ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì tó ń kàwé lọ́yà nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù onífótókópì ní Ìtamágà, n'Íkòròdú. Ẹni tó kọ́ òun náà bí wọ́n ṣe ń ka ìdájọ́ ni Alhaji Tìrìmísíyù, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì sí Ẹ̀pẹ́. Ojú Bàbá ti lọ. Gbogbo Sátidé ni Adéṣínà ń wọkọ̀ lọ bá wọn. Á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ka odidi ìdájọ́ kan sókè ketekete, Bàbá á máa dá a dúró, wọ́n á máa ṣàlàyé.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ní kóòtù tó ga, adájọ́ lè tó márùn-ún lórí ẹjọ́ kan? Mẹ́rin lè fẹnu kò, kí ẹnì kan ní òun ò bá wọn lọ. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ tiẹ̀ náà sínú ìwé, àmọ́ ti àwọn tó pọ̀ jù ni òfin. Tí Adéṣínà bá ti kà dé ti adájọ́ tó dá dúró yẹn, Bàbá á gbé ìka kan sókè. Wọn ò ní sọ nǹkan kan. Ìka yẹn ń sọ pé: ṣọ́ra, ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ níbí.

2.
Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí Bàbá ń fẹ́ láyé. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ tó jẹ́ lọ́yà sílẹ̀ ní kóòtù. Wọ́n fẹ́ gbọ́ kí wọ́n pe Sọ̀fíyàt, ọmọ ọmọ wọn, ní lọ́yà. Sọ̀fíyàt ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò òfin tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ títà àti rírà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún un. Tí ò bá yege, wọ́n á yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ń kàwé lọ́yà. Bàbá fà á lé Adéṣínà lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ṣínà, ọmọ yìí ni ojú mi tó kù."

3.
Ìgbà yẹn ni AI dé sórí fóònù Adéṣínà. Ìdájọ́ olójú-ewé àádọ́rin, á jù ú sí i, kó tó mumi tán, ó ti di ìlà mẹ́wàá. Ẹ̀yin náà ẹ wo bó ṣe máa dùn tó. Àwọn ọmọ kíláàsì ń pọ̀ sí i, wọ́n sọ ọ́ ní Bọ̀dá Ìlà Mẹ́wàá, orí ẹ̀ ń wú. Ó dá kíláàsì Sátidé sílẹ̀. Bí Ẹ̀pẹ́ ṣe wá jìnnà nìyẹn.

Bàbá pè é. "Ṣínà, Sátidé kẹta rèé. Mo ní kí wọ́n gbé àga ẹ síta."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Iṣẹ́ ló pọ̀."

"Ẹjọ́ wo lo fẹ́ kọ́ wọn báyìí?"

Ó sọ ọ́ fún wọn: ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ra ilẹ̀ ẹbí lọ́wọ́ ọmọ ilé kan ṣoṣo, tí olórí ẹbí ò mọ̀ sí i, tó sì kọ́lé síbẹ̀.

Bàbá ní, "Ẹjọ́ yẹn. Jẹ́ ká jọ kà á kó o tó kọ́ wọn. Ìwọ ṣáà máa bọ̀."

Ó ní òun ń bọ̀. Kò lọ. Ìlà mẹ́wàá ló fi ránṣẹ́ sórí Wáṣáàpù, sí ẹni tí ò ríran.

4.
Ìlà mẹ́wàá yẹn sọ pé ohun tí kóòtù sọ ni pé tí ẹbí bá ń wo ẹni tó ralẹ̀ níran títí tó fi kọ́lé tán, ilẹ̀ ti di tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ó kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀.

Sọ̀fíyàt béèrè pé, "Bọ̀dá Ṣínà, ṣé gbogbo àwọn adájọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ náà ti fẹ́ máa ṣe bíi Bàbá. Kọ ohun tó wà lára bọ́ọ̀dù jàre."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Sọ̀fíyàt kọ ọ́.

Ẹjọ́ yẹn gan-an ló jáde nínú ìdánwò, òun náà ló sì gba máàkì jù. Sọ̀fíyàt kọ ìlà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Máàkì mẹ́rin ni ò jẹ́ kó yege.

Nígbà tí èsì jáde, ó wá sí Ìtamágà, ó gbé fóònù síwájú Adéṣínà. "Ẹ sọ fún AI yín kó pe Bàbá. Èmi ò lè pè wọ́n."

5.
Ìgbà yẹn ni Adéṣínà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ tẹ odidi ìdájọ́ náà jáde lọ́dọ̀ onífótókópì. Adájọ́ mẹ́rin ní kí ilẹ̀ padà sọ́wọ́ ẹbí. Ojú-ewé kejìdínláàádọ́ta ló ti bá ọ̀rọ̀ dídùn yẹn: ti adájọ́ karùn-ún ni, ẹni tó dá dúró. AI mú ọ̀rọ̀ ẹnì kan, ó pè é ní ọ̀rọ̀ kóòtù.

Kó tó dé Ẹ̀pẹ́, Bàbá ti gbọ́. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ yẹn ni rọpárọsẹ̀ mú wọn, ohùn wọn sì tẹ̀ lé ojú wọn lọ. Mùlíkátù, ìyá Sọ̀fíyàt, ló ṣílẹ̀kùn. Kò bá a jà. Ó kàn ní, "Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń ní ká gbé àga yẹn síta. Wọ́n á ní o ń bọ̀."

Adéṣínà jókòó sórí àga náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìdájọ́. Adájọ́ kìíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin. Bàbá ò mira. Ó ń retí kí wọ́n dá òun dúró, kí wọ́n bú òun, kí wọ́n tiẹ̀ wúkọ́. Bó ṣe ka gbólóhùn àkọ́kọ́ ti ẹnì karùn-ún, ọwọ́ Bàbá kúrò lórí itan wọn. Ìka kan gòkè.

Títí dòní, gbogbo Sátidé ló ń lọ. Á kà, á dúró díẹ̀ níbi tí Bàbá ti máa ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Á dúró títí, kò ní gbọ́ nǹkan kan, á tún máa kà lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mi ò ní kẹ́ ẹ má lo AI o, èmi náà ń lò ó. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó fi ohun tó sọ kọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ṣí ìwé yẹn fúnra yín, ẹ kà á kanlẹ̀. Tí àgbà kan bá sì wà níbì kan tó ń gbé àga síta dè yín, ẹ dìde lọ bá a nígbà tó ṣì lè dá yín lóhùn. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí olùkọ́ kan kó tó wọ kíláàsì lọ́la.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí fóònù tó dáyé: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.